Ta Ni Yóò Parí Ọ̀rọ̀ Náà? Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti Ìkọ̀wé Ibi Iṣẹ́ ní Fondren Southwest, Houston

Ìfáárà

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lókè òkun, mo kọ ímeèlì kan sí olùkọ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ mi. Ìpínrọ̀ mẹ́rin ni ó ní. Nínú èyí àkọ́kọ́, mo kí i, mo sì kí àwọn ará ilé rẹ̀. Nínú èkejì, mo dúpẹ́ oore àtẹ̀yìnwá. Nínú ẹ̀kẹta, mo tọrọ àforíjì pé mo fẹ́ gbà lára àkókò rẹ̀. Ìparí ìpínrọ̀ kẹrin ni mo tó fẹnu ba ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé: mo fẹ́ kí ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Èsì rẹ̀ kò pẹ́ dé. Ó dúpẹ́ fún ìkíni mi, ó sì ní kí n gbádùn òpin ọ̀sẹ̀. Kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan, nítorí kò rí i pé mo béèrè ohunkóhun. Owó ìrìn-àjò ìwádìí tí fọ́ọ̀mù náà wà fún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọdún yẹn.

Kò sí àṣìṣe gírámà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ, ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ sì pé. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé mo kọ ìwé náà bí ẹni pé ẹni tí yóò kà á ni yóò bá mi parí ọ̀rọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ìṣòro yẹn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kan akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ ìkọ̀wé àti ìbánisọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Houston. Àbá mi ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ pa ọ̀wọ̀ tì. Ibi tí ọ̀wọ̀ ń gbé nínú ìwé ni ó yàtọ̀. Nílé, inú ìkíni ni a ti ń wá a. Níbi iṣẹ́, inú pípé ọ̀rọ̀ ni a ti ń rí i.

Fondren Southwest àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀

Fondren Southwest wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Òpópónà Fondren ni ó ti gba orúkọ, wọ́n sì tún ń pe àgbègbè náà ní Brays Oaks. Houston wà lára àwọn ìlú tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ṣe ibùgbé. Ní òpópónà West Bellfort, Houston Community College, tí a dá sílẹ̀ ní 1971, ní ọgbà ẹ̀kọ́ kan tí ń jẹ́ Brays Oaks. Irú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn aṣíkiri fi ń ṣe àtẹ̀gùn sí yunifásítì tàbí sí iṣẹ́, nítorí owó rẹ̀ kò ga tó ti yunifásítì, ó sì gba ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láyè láti kàwé.

Ní Texas, ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tí ó jẹ́ wákàtí 42. Wákàtí 6 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìbánisọ̀rọ̀ nìkan. ENGL 1301 ni ó ń kọ́ni ní àròkọ. ENGL 2311 dá lórí ìkọ̀wé fún iṣẹ́ àti òwò: mẹ́mò, ìròyìn iṣẹ́, lẹ́tà àti àbá. SPCH 1321 sì dá lórí ọ̀rọ̀ sísọ níbi iṣẹ́, bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìpàdé. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kan náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ń lò káàkiri ìpínlẹ̀ náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé kọ́ọ̀sì rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè yóò dá a mọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, ó sì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ pe àgbà ní “ìwọ”. Ó ń ṣe kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ ní Brays Oaks, ó sì ń retí àtiwọ Coleman College, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìlera kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tí ó wà ní Texas Medical Center, láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní láti bẹ olùkọ́ kan kí ó bá a kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ó ní láti wá iṣẹ́. Lọ́jọ́ iwájú, yóò ní láti pe dókítà lóru nípa aláìsàn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ ilé yóò sọ ohun kan fún un, ìwé ENGL 2311 yóò sì sọ òmíràn.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àti odidi ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gbé ìdajì, ẹni tí ń gbọ́ gbé ìdajì tí ó kù. Ìdí tí ó fi ṣeé ṣe ni pé àwọn méjèèjì jọ mọ ohun kan náà. Wọ́n mọ ilé tí olúkúlùkù ti wá, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ àná, wọ́n sì ń wo ojú ara wọn.

Àrokò ni àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ. Kí ìwé kíkà tó dé, àwọn baba wa ń fi ohun èlò ránṣẹ́ dípò lẹ́tà. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ lè sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ìró “fà” tí ó wà nínú “ẹ̀fà”. Mẹ́jọ lè sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí “ẹ̀jọ”. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì mọ àṣà náà, yóò ka àrokò yìí láìṣe wàhálà. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àlejò, owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò kà, kò ní ka ìfẹ́. Ìwé tí mo kọ sí olùkọ́ mi jẹ́ àrokò lọ́nà kan. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí ìpínrọ̀ ìkíni mẹ́ta yóò ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Olùkọ́ mi rí ìkíni, ó sì ka ìkíni.

Àwọn onímọ̀ ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ní 1966, Robert Kaplan kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti oríṣiríṣi èdè ṣe ń to ìpínrọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi hàn pé ohun tí olùkọ́ ń pè ní àìmọ̀ọ́kọ lè jẹ́ ìlànà ìtolẹ́sẹẹsẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá láti inú àṣà mìíràn. Ní 1976, Edward Hall ya àwùjọ tí ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ti wà nínú ìbátan àti àyíká ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwùjọ tí a ti gbọ́dọ̀ fi gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. A ti bu ẹnu àtẹ́ lu Kaplan pé ó fi àwòrán ẹyọ kan ṣojú odidi ẹ̀yà, ìbáwí náà sì tọ́. Yorùbá kan náà tí ń pa òwe lágbo ẹbí kì í fi òwe nìkan ná ọjà. Nítorí náà, kò yẹ kí a sọ pé èdè wa ni ó ń lọ́ ọ̀rọ̀ po. Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, àti bí a ṣe mọ̀ ọ́n tó, ni ó ń pinnu ìdá tí a ó sọ àti ìdá tí a ó fi sílẹ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gígùn ti wá

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má baà gbé ẹrù tí kì í ṣe ti àṣà lé àṣà lórí. Nínú àwọn lẹ́tà tí àwọn òbí wa kọ sí ọ́fíìsì, kì í ṣe gbogbo àpọ́nlé inú rẹ̀ ni ó ti ilé Yorùbá wá. Ní ayé ìjọba amúnisìn, àwọn akọ̀wé lẹ́tà wà ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn. Àwọn ni wọ́n ń bá ẹni tí kò kàwé kọ ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, tí wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́. Ìlànà ọ́fíìsì Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni pé kí òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ pé òun ni ìránṣẹ́ onígbọràn agbàwé parí lẹ́tà rẹ̀. Àwọn òyìnbó aláṣẹ fúnra wọn ń kọ bẹ́ẹ̀ sí ara wọn. Nígbà tí bàbá kan ní Houston bá ní kí ọmọ rẹ̀ fi gbólóhùn onírẹ̀lẹ̀ gígùn parí ímeèlì, ó lè jẹ́ pé ọ́fíìsì amúnisìn ni ó ń tẹ̀lé, tí ó sì rò pé àṣà ilé ni.

Ní ìdà kejì, ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé Nàìjíríà ti ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa nílò. Ẹnikẹ́ni tí ó ṣe Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti kọ́ ìyàtọ̀ láàrin lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni à ń kọ sí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́: àdírẹ́sì kan ni ó ní, ìkíni àti àwàdà sì láyè nínú rẹ̀. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni ti ọ́fíìsì: ó ní àdírẹ́sì méjì, ó ní àkọlé tí ó sọ ohun tí lẹ́tà dá lé lórí, kò sì gba ẹ̀fẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ kíláàsì Yorùbá tí mo ti rí lókè òkun ń kọ́ ọmọ ní ìkíni àti orúkọ oúnjẹ, kò sì dé orí lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́. Ọmọ náà wá ń rò pé Yorùbá jẹ́ èdè ilé, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì.

Lẹ́tà méjì

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó fẹ́ kí olùkọ́ bá òun kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ímeèlì náà, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ ní Yorùbá níhìn-ín kí a lè rí bí ó ṣe tò ó. Èyí ni àkọ́kọ́:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo lérò pé ara yín le, àti pé gbogbo ilé wà ní àlàáfíà. Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún ìsapá yín lórí wa ní sáà tí ó kọjá. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, n kò sì fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ nígbà tí àyè bá yọ, nípa ìwé kan tí wọ́n ní kí n mú wá. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè ràn mí lọ́wọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀.”

Èkejì nìyí, lẹ́yìn tí ó ti tún un kọ:

“Àkọlé: Ẹ̀bẹ̀ fún lẹ́tà ìjẹ́rìí, gbèdéke ọjọ́ 15 oṣù kẹta.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, mo ń kọ̀wé láti bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ìwọlé sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ni ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo wà nínú kíláàsì yín ní sáà tí ó kọjá, níbi tí mo ti kọ ìròyìn lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Mo so ìròyìn náà àti àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi mọ́ ìwé yìí. Bí àyè kò bá gbà yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí ó tó di ọjọ́ 1 oṣù kẹta, kí n lè bẹ ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ fún àkókò yín.”

Nínú lẹ́tà kìíní, olùkọ́ ní láti kọ̀wé padà béèrè pé: ìwé wo? Ta ni ó fẹ́ ẹ? Ìgbà wo? Iṣẹ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ti di tirẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí lóòótọ́, kò ní béèrè, gbèdéke yóò sì kọjá. Lẹ́tà kejì ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹ kíyè sí gbólóhùn tí ó fún olùkọ́ láyè láti kọ̀. Àgbà tí a bẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí a sì fi ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún, ni a bọ̀wọ̀ fún jù. Èyí tí ó fi àárẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ìkíni, tí ó tún fi ìbéèrè mẹ́ta dí i lọ́wọ́ sí i, ní ìrẹ̀lẹ̀ lẹ́nu ju bí ó ti ní in nínú ìṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ oríkì tún wọ inú èyí. Yorùbá kì í fẹ́ kí ènìyàn máa yin ara rẹ̀. Ẹnu ẹlòmíràn ni oríkì ti ń dùn. Nítorí náà, lẹ́tà ìwáṣẹ́ máa ń ni akẹ́kọ̀ọ́ wa lára. Ó kọ pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, ó sì dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń bójú tó ìyá àgbà rẹ̀ fún ọdún méjì, tí ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un lọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí lẹ́tà ìwáṣẹ́ ń béèrè súnmọ́ ẹ̀rí ju ìyìn lọ: kí ni o ṣe, fún ta ni, fún ìgbà wo, kí ni ó tibẹ̀ jáde? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé ẹlẹ́rìí ni òun, tí òun ń ka iṣẹ́ tí òun ṣe láìbù mọ́ ọn, ìtìjú yóò kúrò.

Nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ọ̀rọ̀

Owó ìrìn-àjò lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn kí ó sì tún rí i lọ́dún tí ń bọ̀. Ní àwọn iṣẹ́ kan, ohun tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ń gbà lọ kì í padà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1990, ọkọ̀ òfuurufú Avianca nọ́ńbà 52, tí ó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè Colombia, já ní Long Island, nítòsí New York, nígbà tí epo rẹ̀ tán. Ènìyàn 158 ni ó wà nínú rẹ̀. 73 ni ó kú. Àwọn awakọ̀ ti sọ fún àwọn tí ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ pé epo ń tán lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lo ọ̀rọ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì. Àjọ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ka èyí mọ́ ohun tí ó fa ìjàǹbá náà. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ náà retí pé ẹni tí ó gbọ́ yóò parí rẹ̀.

Nítorí irú ewu yìí ni a ṣe ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà ní ìlànà tí a ń pè ní SBAR. Iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn oníṣègùn Kaiser Permanente ní Colorado ni ó mú un wọ ilé ìwòsàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ìpín mẹ́rin ni ó ní: ohun tí ń ṣẹlẹ̀ báyìí, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí nọ́ọ̀sì rò pé ó fà á, àti ohun tí ó fẹ́ kí dókítà ṣe.

Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ wa ní agogo méjì òru. Dókítà tí ó fẹ́ pè lè jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ní kí ó sọ pé: “Ẹ má bínú pé mo jí yín, dókítà. Ó jọ pé ara aláìsàn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ le.” SBAR ní kí ó sọ pé: “Aláìsàn yàrá 12 kò lè mí dáadáa láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Àná ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ dídì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó nísinsìnyí.” Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn ni ó le jù fún ọmọ tí a tọ́ dáadáa, nítorí ó dà bí ẹni ń pàṣẹ fún àgbà. Òun sì ni gbólóhùn tí aláìsàn náà nílò jù.

Níhìn-ín ni òwe mìíràn ti wúlò: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. A sábà máa ń lò ó láti fi kọ́ ọmọ pé kí ó fi ọgbọ́n tún ọ̀rọ̀ tí kò dára ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó gbà láìjiyàn: iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìránṣẹ́ tí ó rọ ọ̀rọ̀ títí tí ọ̀rọ̀ fi sọnù kò jẹ́ iṣẹ́ ọmọ, kò sì jẹ́ ti ẹrú. Aláìsàn ni ó rán nọ́ọ̀sì níṣẹ́ lóru yẹn, ọ̀wọ̀ tí nọ́ọ̀sì jẹ dókítà kò sì gbọdọ̀ gba ẹnu aláìsàn.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ìkọ̀wé ibi iṣẹ́ kò pilẹ̀ láti inú àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń fi apá kan ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún agbàwé tí kò mọ̀ pé apá kan kù. Ẹni tí ó bá ní kí ó kọ àṣà rẹ̀ sílẹ̀ ń ṣì í lọ́nà, nítorí àṣà kan náà ti ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́, ó sì ti ní òfin ìránṣẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ọ ni bí yóò ṣe máa bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó fi ìwé ránṣẹ́: ẹni tí yóò kà á, ṣé ó lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìsí èmi níbẹ̀?

Mo dábàá fún àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá lókè òkun pé kí lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ padà sínú ẹ̀kọ́ wọn, kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ímeèlì kan tí ó kọ ní tòótọ́ wá sí kíláàsì. Kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àti bí ẹni ń kọ ọ́ sí ọ́fíìsì. Kí ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà náà bá wà ní ìsàlẹ̀ nínú èkíní, tí ó sì wà lókè nínú èkejì, ó ti mọ ohun tí mo san owó ìrìn-àjò ọdún kan kí n tó mọ̀.